Pípe Ọwọ́ Padà

Alẹ́ Sátidé.

Lónìí ni Màmá fúnra wọn jókòó sídìí kọ̀ǹpútà mi. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń béèrè irú iṣẹ́ tí mo ń ṣe tí wọ́n fi ń gbọ́ píì, píì láti inú yàrá mi títí di òru, mo sì ti ṣàlàyé fún wọn lọ́pọ̀ ìgbà pé ìdánwò ni, èyí tí a fi ń wọn bí ó ṣe ń pẹ́ ènìyàn tó kí ó tó lè dá ohun tí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe dúró. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí àwọn náà ṣe é.

Ọfà kan ni yóò yọ lójú kọ̀ǹpútà. Bí ó bá kọjú sí òsì, o ó tẹ bọ́tìnnì òsì. Bí ó bá kọjú sí ọ̀tún, o ó tẹ ti ọ̀tún, bí o bá ti lè yára tó. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin, láìjẹ́ pé o mọ èyí tí yóò jẹ́, ohùn píì yóò dún lẹ́yìn tí ọfà ti yọ, nígbà tí ọwọ́ ti ń lọ. Bí o bá ti gbọ́ ọ, má tẹ nǹkan kan mọ́.

Màmá ti awò ojú wọn sókè, wọ́n gbé ìka méjèèjì lé bọ́tìnnì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé iṣẹ́ ti bàjẹ́. Ọfà á yọ, wọn á wò ó, wọn á tẹ́tí sílẹ̀, ó di ìgbà tí ó bá dá wọn lójú pé ohùn kankan kò bọ̀ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Wọn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣì í lẹ́ẹ̀kan. Mo ní, "Màmá, ẹ má dúró dè é." Wọ́n ní, "Ta ló ń dúró? Mo ń fara balẹ̀ ni. Ṣé o fẹ́ kí n kù gìrì ṣe é kí n wá gba òdo ni?"

Ohun tí ó máa ń gbé mi lọ́kàn jù nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn. Ìfarabalẹ̀ tí wọ́n fi tọ́ wa dàgbà gan-an ni ó ń ba ìwọ̀n náà jẹ́, nítorí ẹni tí ó ń dúró de ohùn kò tíì bẹ̀rẹ̀ nǹkan kan tí yóò dá dúró. Mo rántí eré kan tí a máa ń ṣe ní kékeré, tí olórí eré yóò máa ké pé "Ewúrẹ́ lẹ́jẹ̀?", tí gbogbo wa yóò dáhùn pé "Lẹ́jẹ̀!", títí yóò fi já "Òkúta lẹ́jẹ̀?" lù wá lójijì. Eré yẹn sún mọ́ ìdánwò yìí, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, torí pé ọ̀rọ̀ tí ó ní kí o dákẹ́ ti dé kí o tó la ẹnu. Nínú ti wa, àṣẹ pé kí o lọ ti dé, ara ti gbà á, kí àṣẹ pé kí o dúró tó máa sáré lé e bọ̀.

Eré ìje ni àwọn onímọ̀ méjì kan, Gordon Logan àti William Cowan, pè é ní 1984. Àṣẹ lílọ ti gbéra ṣáájú, àṣẹ ìdúró ń bọ̀ lẹ́yìn, èyí tí ó bá kọ́kọ́ dé ni ọwọ́ yóò tẹ̀ lé. Mo fẹ́ràn èrò yìí nítorí ìṣòro tí ó yanjú: bí ọwọ́ bá tẹ bọ́tìnnì, a lè ka àkókò rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá dúró, kí ni a fẹ́ kà? Nítorí náà ni kọ̀ǹpútà ṣe ń dọdẹ ènìyàn. Bí o bá rí ara dúró, yóò fi 50 mílísẹ́kọ́ǹdù sún ohùn tí ó kàn sẹ́yìn sí i, kí ó lè le. Bí o bá kùnà, yóò mú un yá ní 50. (Ìdá kan nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá kan ni mílísẹ́kọ́ǹdù.) Bí ó ti ń ṣe é lọ, yóò bá ọ dé ibi tí o ti ń dúró ní ìdajì, tí o sì ń kùnà ní ìdajì, ibi tí àwọn àṣẹ méjèèjì ti ń dé pọ̀. Bí ẹnì kan bá ń tẹ bọ́tìnnì ní nǹkan bí 450 lẹ́yìn tí ọfà yọ, tí ohùn sì ń dún ní 230 ní ibi ìdajì yẹn, a jẹ́ pé 220 ni ó gbà á láti dúró. Ìṣirò tí a ń lò jinlẹ̀ díẹ̀ ju èyí lọ, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ rẹ̀ nìyẹn, ti ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ara wọn le sì máa ń wà láàárín 200 sí 250.

Ìlànà tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ para pọ̀ gbé jáde ní 2019 tẹnu mọ́ ọn pé kí á sọ fún ẹni tí ń ṣe é pé kò gbọdọ̀ dúró de ohùn, àti pé kò sí bí kò ṣe ní kùnà nígbà mìíràn. Mo jókòó ti Màmá, mo sọ ọ́ fún wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: a kò fi òdo wọn ẹnikẹ́ni níhìn-ín. Ara ni a ń wọ̀n, kì í ṣe ìwà. Mo sọ fún wọn nípa iṣẹ́ tí Adam Aron, onímọ̀ nípa ọpọlọ, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2003, pé nínú àwọn tí ibì kan nísàlẹ̀ iwájú ọpọlọ wọn lápá ọ̀tún ti fara pa, bí ọgbẹ́ náà bá ṣe tóbi tó ni ìdúró wọn ṣe ń pẹ́ tó. Ta ni yóò bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ wí pé kò ní ìkóra-ẹni-níjàánu?

Wọ́n tún un ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n yára, wọ́n sì ń kùnà, wọ́n ń lu itan: "Mo gbọ́ ọ! Mo gbọ́ ọ, ọwọ́ ti lọ!" N kò lè sọ bí inú mi ti dùn tó.

Nígbà tí a bọ́ sí ilé ìdáná, wọ́n bu iyọ̀, ọwọ́ wọn ti kọjá ẹnu ìkòkò kí n tó pariwo pé mo ti fi iyọ̀ sí i. Ọwọ́ náà dúró sójú ooru ọbẹ̀, ìka mẹ́ta há iyọ̀ mọ́ra, àfi wóro díẹ̀ tí ó ti bọ́ sórí ẹ̀fọ́. Wọ́n bojú wò mí, wọ́n ní, "Mélòó ni ìyẹn gbà mí?" Mo ní n kò lè mọ̀ ọ́n, nítorí n kò mọ ìgbà tí iyọ̀ ìbá dé inú ìkòkò ká ní mo dákẹ́.