Ìwé mẹ́sàn-án wà nílẹ̀ tí mi ò tíì ṣí, mo tún ń wá èyí tó ń bọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o. January ọdún tó kọjá, alẹ́ ọjọ́ kan tí iná ò sí, mo jókòó ti fóònù mi, mò ń wo lísìtì àwọn ìwé ìtàn tuntun tó máa jáde lọ́dún náà, mo ń kọ orúkọ wọn sínú jọ́tà kan, ìgbà tí màá fi gbójú sókè mo ti kọ mẹ́tàdínlógójì. Mẹ́tàdínlógójì! Èmi tó jẹ́ pé tí mo bá ka méjì tán lóṣù, a jẹ́ pé iṣẹ́ ò pọ̀ lọ́fíìsì nìyẹn. Nígbà tó fi máa di December, mo ti ra mẹ́rìnlá, mo ka márùn-ún. Mẹ́sàn-án tó kù wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, òmíràn wà nínú náílọ̀n tí wọ́n fi gbé e wá.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ṣe lísìtì January yẹn, àwọn gan-an ò tíì ka ìwé ọ̀hún. Ohun tí àwọn tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde bá sọ fún wọn ni wọ́n ń sọ fún wa. Àlejò tí ò tíì wọlé, wọ́n ti ń ròyìn bó ṣe ń jẹun. Ní báyìí o, tí ìwé bá jáde màá fi í sílẹ̀ fún bí oṣù méjì, màá gbọ́ ohun tí àwọn tó fowó ara wọn rà á ń sọ, pàápàá àwọn tó kà á dé ìdajì tí wọ́n jù ú sílẹ̀, àwọn yẹn kì í parọ́.

Ọ̀rọ̀ déètì náà wà ńbẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìwé tuntun sábà máa ń jáde ní Amẹ́ríkà, ní London Ọjọ́bọ̀ ni, àmọ́ déètì yẹn lè yẹ̀ nígbàkugbà. Ìwé kejì Tomi Adeyemi, ẹni tó kọ Children of Blood and Bone, March 2019 ni wọ́n kọ́kọ́ fi sí, December ọdún yẹn ló jáde, ẹ̀kẹta wá di 2024. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹnì kankan, ìwé ò ṣe é kánjú kọ. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ti ń kéde fún àwọn èèyàn, ojú tì mí díẹ̀.

Ní ti owó, èyí tó ní ẹ̀yìn páálí líle ló máa ń kọ́kọ́ jáde lókè òkun, á tó bí ọdún kan kí ẹlẹ́yìn fẹ́lẹ́ tó dé, ìyẹn sì dínwó gan-an. Tó bá jẹ́ ọmọ wa ló kọ ọ́, ẹ kọ́kọ́ bèèrè bóyá wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ nílé níbí, torí Cassava Republic, Masobe, Narrative Landscape àti Ouida ń tẹ ìwé jáde ní Nàìjíríà, ẹ ò ní í san owó ọkọ̀ òfuurufú lé e lórí.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn mí jù. Mo ra ìtàn kan ní ẹ̀gbẹ́ títì, lówó pọ́ọ́kú, inú mi dùn. Mo kà á dé ojú ewé 112, ìyàwó ilé yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ṣí lẹ́tà tó ti ń pa mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, mo ṣí i báyìí, mo bá ara mi ní ojú ewé 145, níbi ìsìnkú! Ta ló kú? Mo wá a síwá, mo wá a sẹ́yìn. Ojú ewé méjìlélọ́gbọ̀n, wọ́n gbàgbé ìdì ojú ewé kan pátá nígbà tí wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Mo padà lọ síbẹ̀, ìyá tó tà á fún mi ní, "Ọmọ mi, ṣebí o rí òpin ẹ̀?" Ẹ̀rín ò jẹ́ kí n bínú mọ́. Látìgbà yẹn, kí n tó sanwó, màá ṣí gbogbo ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lójú ẹni tó ń tà á, kó bínú tó bá wù ú.

Àwa mẹ́fà la wà nínú gúrúùpù WhatsApp kan, ẹnì kan ló ń mú ìwé lóṣooṣù. Òfin tí a fi ṣe é báyìí ni pé bí a bá mú tuntun kan, a máa mú àtijọ́ kan tì í. Oṣù tí a ka Ó Le Kú ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá, tó jáde ní 1974, ìjà ló dá sílẹ̀, torí àwọn tó wo fíìmù Tunde Kelani ti 1997 rò pé àwọn mọ gbogbo ẹ̀, ẹ̀gbọ́n kan wá ń gbèjà Àjàní, ọmọkùnrin inú ìtàn náà, lórí Àṣàkẹ́ àti Lọlá tó ń fẹ́, nínú vóìsì nóòtì ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Mọ́kànlá o.

Tó bá jẹ́ èmi lẹ bi pé kí lẹ máa kà lóṣù yìí, ẹ mú Àjà Ló L'ẹrù ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, 1969, ẹ tẹ̀lé Lápàdé tó ti kúrò nínú iṣẹ́ ọlọ́pàá tí ọ̀ràn ò sì fi sílẹ̀, kí ẹ wá fi ti Oyinkan Braithwaite tó jáde ní 2018 tì í, My Sister, the Serial Killer, níbi tí nọ́ọ̀sì kan l'Ékòó ti ń bá àbúrò ẹ̀ nu ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀daràn inú méjèèjì ò jọra rárá, ibẹ̀ gan-an ló dùn sí. Ìwé tuntun tí obìnrin yẹn gbé jáde ní 2025, Cursed Daughters, ẹlẹ́yìn fẹ́lẹ́ ni mò ń dúró dè, ẹ má sọ fún mi bó ṣe parí.

Oṣù tó ń bọ̀, èmi ló kàn láti mú ìwé. Inú mẹ́sàn-án yẹn ni mo ti mú un. Mo tú náílọ̀n ẹ̀ lánàá, mo ka ojú ewé ẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Ó pé.