Má fún ọ̀rẹ́ ní páswọ̀ọ̀dù ẹ: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nínú láàbù kọ̀ǹpútà

Àwọn ọmọ ilé ìwé wa kì í pè mí lórúkọ, "Anti Láàbù" ni wọ́n ń pè mí, torí èmi ni mò ń mójú tó yàrá kọ̀ǹpútà ní ilé ìwé gíga kan níbí l'Abẹ́òkúta. Mi ò ní sọ èwo, ẹ ṣáà mọ̀ pé tẹ́ ẹ bá ti bọ́ sílẹ̀ ní Kútọ̀, kò jìnnà mọ́. Mo ti pẹ́ díẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ohun tí mo sì fẹ́ sọ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé àti ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ ń rán wọn wá kò lọ títí: kọ̀ǹpútà ilé ìwé kì í ṣe tìẹ, ímeèlì tí wọ́n fún ẹ náà kì í ṣe tìẹ tán, àmọ́ orúkọ tó wà lórí ẹ̀, tìẹ ni, ohunkóhun tí wọ́n bá sì fi orúkọ yẹn ṣe, ìwọ ni wọ́n máa kọ́kọ́ ránṣẹ́ pè.

Ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á gbé òfin ìlò kọ̀ǹpútà síwájú ẹ, wọ́n á ní kó o tẹ "I agree", ta ló ń kà á? Gbogbo wọn ló ń sáré kí wọ́n lè gba páswọ̀ọ̀dù kí wọ́n lọ ṣe course form. Ká má parọ́, èdè inú ẹ̀ le, ó jọ pé lóyà ló kọ ọ́ fún lóyà ẹgbẹ́ ẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹjọ́ bá délẹ̀, ìwé yẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú jáde, pẹ̀lú ọjọ́ àti agogo tó o tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin kan wà tí mi ò lè gbàgbé. 200 level ni, ọmọ jẹ́jẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀, wọ́n ránṣẹ́ pè é sọ́fíìsì lówùúrọ̀ ọjọ́ kan. Ímeèlì ló jáde lórúkọ ẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú, ó lọ sọ́dọ̀ gbogbo ọmọ department pátá, èébú gidi, wọ́n bú lẹ́kítọ̀ kan tìyá-tìbàbá, wọ́n tún ní ọkùnrin náà ń gbowó kó tó fún èèyàn ní máàkì. Ọmọ ń gbọ̀n. Ó ní, "Mà, Lafẹ́nwá ni mo wà lọ́sàn-án àná, ẹ pe mọ́mì mi, ṣọ́ọ̀bù wọn ni mo jókòó sí títí ilẹ̀ fi ṣú." Ni ọ̀gá bá yíjú sí mi, wọ́n ní, "Anti, ẹ bá wa ṣí log."

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé log yìí díẹ̀, torí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ yìí rò pé à ń fi dẹ́rù bà wọ́n lásán ni. Gbogbo ìgbà tó o bá fi orúkọ àti páswọ̀ọ̀dù ẹ wọlé, ì báà jẹ́ lórí kọ̀ǹpútà láàbù, ì báà jẹ́ wáìfáì ilé ìwé lórí fóònù ẹ, server, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tó ń darí àwọn yòókù, máa kọ ọ́ sílẹ̀: orúkọ tó wọlé, agogo tó wọlé, ẹ̀rọ wo ló lò, àdírẹ́sì tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì fún ẹ̀rọ yẹn, ìgbà tó jáde. Fúnra ẹ̀ ló ń ṣe é, ẹnikẹ́ni ò jókòó tì í. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì máa ń sọ pé incognito lẹ lò, ojú ìkọ̀kọ̀ inú browser bíi Chrome, incognito ò pa nǹkan kan rẹ́ lọ́dọ̀ wa o, orí browser ẹ nìkan ni kì í ti í tọ́jú ibi tó o lọ. Àmọ́ log yìí náà ò mọ ojú èèyàn, orúkọ nìkan ló mọ̀.

Log sì sọ pé ọmọ yìí gan-an ló wà nídìí kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò, bí agogo mẹ́ta ku díẹ̀. Ẹjọ́ ti fẹ́ parí síbẹ̀. Ohun tó yọ ọ́ ni nóòtù kan tí mo máa ń gbé sẹ́nu ọ̀nà, mo fi rúlà fa ìlà sí i, orúkọ, nọ́ńbà ìjókòó, àkókò, sáìn. Gbogbo wọn ló máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, "Anti, ayé ti kọjá bíró o." A ṣí nóòtù, ẹni tó sáìn fún ìjókòó yẹn kì í ṣe òun, ọmọ tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kan náà ní Ọbantókò ni, ó fọwọ́ ara ẹ̀ kọ orúkọ ara ẹ̀ gàdàgbà. Báwo ló ṣe rí páswọ̀ọ̀dù? Ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló fún un, pé kó bá òun tẹ assignment jáde.

Ẹ ò ní gbà gbọ́ pé ọmọ jẹ́jẹ́ yẹn náà jẹ nínú ìyà ẹ̀. Wọ́n ní èébú kì í ṣe tiẹ̀, ó dáa, àmọ́ òfin tó tẹ "I agree" sí sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbé páswọ̀ọ̀dù fún ẹlòmíì. Wọ́n ti àkáǹtì ẹ̀ pa títí sẹ́mísítà fi parí, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ nínú láàbù, Pánṣẹ́kẹ́ ló ń lọ sanwó kafé. Lójú tèmi ìyà yẹn pọ̀ jù, mo sì sọ ọ́ létí ọ̀gá. Èsì wọn ni pé táwọn bá gba "èmi kọ́, ọ̀rẹ́ mi ni" lẹ́ẹ̀kan, kò sẹ́ni tọ́wọ́ máa tẹ̀ tí ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò rí èsì fún ìyẹn.

Ẹni tó kọ ímeèlì yẹn gan-an ló yẹ kó dúpẹ́ pé inú ilé ìwé lọ̀rọ̀ parí sí. Òfin kan wà tó ń jẹ́ Cybercrimes Act, ti 2015 ni, wọ́n tún un ṣe ní 2024. Section 24 ibẹ̀ sọ pé ẹni tó bá fi kọ̀ǹpútà fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ tó sì mọ̀ pé irọ́ ni, láti fi da ìlú rú tàbí kó fi ẹ̀mí èèyàn sínú ewu, ẹ̀wọ̀n ẹ̀ lè tó ọdún 3, owó ìtanràn lè tó mílíọ̀nù 7 náírà, wọ́n sì lè pa méjèèjì pọ̀. Mi ò ní gbogbo èébú ló máa dé kóòtù. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí mò ń bá sọ̀rọ̀ yìí, nǹkan tí wọ́n máa ń wí ni "ímeèlì lásán ni".

Ó dáa, páswọ̀ọ̀dù. Mo ti rí èyí tí wọ́n kọ sẹ́yìn ID card, mo ti rí nọ́ńbà matric, mo ti rí 123456. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé kí wọ́n fa gbólóhùn kan yọ nínú oríkì tí ìyá àgbà fi máa ń kì wọ́n, kí wọ́n kọ ọ́ pọ̀ láìsí àmì ohùn, kí wọ́n fi nọ́ńbà tí kì í ṣe ọjọ́ ìbí há a láàárín. Á gùn, o ò sì ní gbàgbé. Ṣùgbọ́n kó má jẹ́ èyí tó o ti kọ sábẹ́ fọ́tò ẹ lórí Instagram jàre. Tí Chrome bá sì bi ẹ́ nínú láàbù pé ṣé kí òun tọ́jú páswọ̀ọ̀dù, Never ni kó o tẹ̀.

Tó o bá pa ojú browser dé, o ò tíì jáde o. Ibi tí mo ti ń rí èyí jù ni ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ. UPS, bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà dúró díẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í ké, gbogbo èèyàn á dìde, kálukú á mú báàgì, ó di ẹ̀yìn jẹnẹrétọ̀. Iná á dé, ẹlòmíì á jókòó, á ṣí Gmail, ímeèlì ẹ ló máa rí níbẹ̀ gbalaja. Tírú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí ẹ, má sáré padà wá, fóònù ẹ ni kó o ṣí, lọ síbi Google Account, sí Security, wàá rí gbogbo ẹ̀rọ tó o wà lórí ẹ̀, kó o sì lé ara ẹ jáde lórí ti láàbù. Tó o bá sì wà níbẹ̀, tan 2-Step Verification, kí ẹni tó bá tiẹ̀ mọ páswọ̀ọ̀dù má lè wọlé láìsí fóònù ẹ lọ́wọ́.

Èyí tó ń dààmú àwọn òṣìṣẹ́ ju àwọn ọmọ lọ ni ímeèlì àwọn olè tó ń sọ pé mailbox ẹ ti kún, tẹ ibí kí wákàtí 24 tó pé tàbí ká tì í. ICT Unit, ẹ̀ka kọ̀ǹpútà ilé ìwé, ni wọ́n máa fi sísàlẹ̀, àwa tá a wà ní ICT gan-an sì máa ń rí i gbà. Má wo orúkọ tó wà lókè, tẹ orúkọ yẹn kó o rí àdírẹ́sì tó wà lẹ́yìn ẹ̀, kó o wo ohun tó tẹ̀ lé @. Má sì jẹ́ kí àwòrán àgádágodo kékeré tó máa ń wà lókè àwọn browser kan tàn ẹ́, gbogbo ohun tó ń sọ ni pé ẹnikẹ́ni ò lè yọjú wo ohun tí ìwọ àti wẹ́ẹ̀bù yẹn ń bára yín sọ, kò sọ pé olè kọ́ ló ni ín. Wọ́n sì gbọ́n sí i báyìí: tí wọ́n bá ti gba àkáǹtì ẹnì kan, òun ni wọ́n máa fi kọ̀wé sí àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀, ó wá di pé ọwọ́ ẹni tó o mọ̀ lọ̀rọ̀ ti wá. Àwa ò ní béèrè páswọ̀ọ̀dù ẹ láé, a kì í lò ó, tá a bá fẹ́ ṣe nǹkan sí àkáǹtì ẹ a lè ṣe é láìmọ̀ ọ́n. Ìyẹn náà sì ni kó o fi sọ́kàn: ilé ìwé lágbára láti yí páswọ̀ọ̀dù yẹn, láti tì í, láti wo inú ẹ̀ tí ẹjọ́ bá gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ẹ, gbé e lọ sórí ímeèlì tara ẹ.

Ọ̀rọ̀ CC náà ń bí mi nínú. Ẹnì kan ní ọ́fíìsì kan fẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ tó ní carry over, ó kó gbogbo àdírẹ́sì wọn sínú CC, níbi tí kálukú ti ń rí àdírẹ́sì àwọn yòókù, ó so lístì mọ́ ọn, orúkọ, matric, nọ́ńbà fóònù, máàkì. Kí wọ́n tó mọ̀, Ọmọ́yẹ ti rìnhòòhò wọjà, àwọn ọmọ ti ń tẹ Reply all, wọ́n ń fi ara wọn ṣẹ̀fẹ̀. Ìtìjú nìkan kọ́ nìyẹn o, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà lábẹ́ Data Protection Act ti 2023. Tó o bá ń kọ̀wé sí èrò, àdírẹ́sì ara ẹ ni kó o fi sí To, kó o kó ìyókù sí Bcc, ẹnikẹ́ni ò ní rí ẹlòmíì. Gmail sì ní Undo Send, lọ sínú Settings kó o sún un sí ìṣẹ́jú àáyá 30, torí nínú àáyá 30 yẹn lojú èèyàn máa ń là.

Ímeèlì sí lẹ́kítọ̀ ńkọ́? Lẹ́kítọ̀ kan fi èyí hàn mí lórí fóònù wọn: "gd am sir pls my CA is nt der", máàkì test àti assignment ló ń wá. Kò sórúkọ, kò sí matric, kò sí course, àdírẹ́sì ẹni tó kọ ọ́ ń jẹ́ nǹkan bíi sexyboy. Nílé a kì í wọlé tọ àgbà ká má kí wọn, ká má sọ ọmọ ẹni tá a jẹ́. Kọ course code àti ohun tó o ń wá sí Subject, kí wọn, sọ orúkọ àti matric ẹ, sọ ọ̀rọ̀ ẹ ní ìlà méjì mẹ́ta, dúpẹ́. Àdírẹ́sì ilé ìwé ni kó o lò, ìdí tí wọ́n fi fún ẹ nìyẹn. Tí fáìlì ẹ bá ju 25 MB lọ, Gmail máa sọ ọ́ di línkì Drive, rí i dájú pé o ṣí i fún wọn, torí "You need access" ni ọ̀pọ̀ lẹ́kítọ̀ ń rí, wọn ò sì ní bẹ̀ ẹ́ kó o tó gba òdo.

Flash drive, ní kíákíá: tó o bá ti lọ tẹ̀wé níta, tó o dé láàbù tó o rí i pé gbogbo folder ti di shortcut, má tẹ ọ̀kankan nínú wọn. Fáìrọ́ọ̀sì ni, ó fi fáìlì ẹ pamọ́ ni, kò sábà pa á rẹ́. Gbé e wá, command kan wà tó ń jẹ́ attrib tá a máa ń fi yọ wọ́n síta. Mo ti rí ọmọ tó ń sunkún chapter four, iṣẹ́ ẹ̀ wà níbẹ̀ pérépéré, ó kàn fara sin ni.

Nípa fíìmù tẹ́ ẹ ń dáwùnlóòdù àti kálòkálò tẹ́ ẹ ń ta, mi ò ní wàásù. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń pín, ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá ń ṣe course registration ẹ máa rí i bí portal ṣe ń yí lójú kan, ẹnì kan ló ń fa series látòkè délẹ̀ níbì kan. A ń rí i. Ibi tẹ́ ẹ ń kó o pamọ́ sí náà ò sì fẹ̀ bíi tẹ́lẹ̀: àwọn ilé ìwé tó ń lo Google, kò sí òdiwọ̀n fún wọn nígbà kan, àmọ́ láti 2022, 100 TB (TB kan tó bí ẹgbẹ̀rún GB) ni ìpìlẹ̀ tí odindi ilé ìwé kan ní, ọmọ, lẹ́kítọ̀, bursary, gbogbo wọn. Ẹ má bínú tí wọ́n bá nu fíìmù yín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ jáde, ímeèlì yẹn ò ní bá yín délé ọkọ. Ilé ìwé lè tì í lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá parí. Kẹ́ ẹ tó ṣe clearance tán, ẹ lọ sí Google Takeout, ibi tí Google ti ń jẹ́ kéèyàn kó ẹrù ẹ̀ jáde, ẹ kó ìwé, project, fọ́tò yín sórí ti ara yín. Ohun tó sì ṣe pàtàkì jù ni ibi tẹ́ ẹ ti fi í forúkọ sílẹ̀. Ẹ má fi ímeèlì ilé ìwé ṣe NYSC, ẹ má fi ṣe báǹkì, ẹni tó bá ti fi ṣe é kó tètè lọ yí i sí tara ẹ̀ nígbà tó ṣì ń ṣí, torí tó bá ti tì, tí wọ́n wá ní àwọn ti fi kóòdù ránṣẹ́ síbẹ̀, ọ̀dọ̀ mi lẹ máa padà wá, ó sì lè jẹ́ pé ọwọ́ tèmi náà ò ní tó o mọ́.