Ọmọ Ìjẹ̀bú lórí ẹ̀rọ Maxim ní Blackpool

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ní Preston.

Gbogbo ilé ti sùn. Ẹ̀yìn ń ro mí, ọrùn ń dùn mí, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ òní sílẹ̀ kí oorun tó gbé mi lọ. Mo mọ ara mi, bí mo bá sún un di ọ̀la, ìdajì rẹ̀ ni yóò kù.

Nílé tiwa, bí ẹnikẹ́ni bá ti ní "ọgbà", Thorpe Park ló ń sọ. Feltham là ń gbé, ibẹ̀ kò sì jìnnà sí wa. Tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́dún la máa ń rà. Àwọn ọmọ mọ ìgbà tí ìlà Stealth, ọ̀kan lára àwọn rólàkósítà ibẹ̀ (ọkọ̀ eré tó ń sáré lórí rélì), máa ń fúyẹ́, wọ́n mọ abẹ́ òrùlé tí a lè sá sí bí òjò bá dé. Òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń wà ní ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí omi kún àwọn kòtò yẹn, wọ́n sọ ọ́ di ọgbà ìgbafẹ́ ní 1979. Ohun tí mo sì ti ṣàkíyèsí níbẹ̀ ni pé tuntun ni wọ́n ń tà. Colossus dé ní 2002, ó ń da orí ènìyàn kodò lẹ́ẹ̀mẹwàá, ariwo ta. Stealth dé ní 2006, ẹnu kúrò lára Colossus. Ní 2024 ni Hyperia wá dé, ẹsẹ̀ bàtà 236 ló ga, kò sì sí rólàkósítà mìíràn ní gbogbo ilẹ̀ Bírítéènì tó ga tó o. Láti ìgbà náà, àwọn ọmọ mi ń rìn bí ẹni pé bàbá wọn ló kọ́ ọ.

Ọwọ́ The Big One, rólàkósítà kan ní Blackpool, ìlú etí òkun ní àríwá Ẹ́ńgláǹdì, ni Hyperia ti gba adé. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, ní 1994, tí wọ́n ṣí i, nígbà tí ó ga jù lọ láyé, kì í ṣe ní Bírítéènì nìkan. Ọ̀rọ̀ yìí ni ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 13, gbé kiri láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. "Dádì, ẹ ò lè máa sọ pé tiwa ló ga jù nígbà tí ẹ ò tíì rí èyí tó ń bá a dù ú." Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Preston, tí àwọn ọmọ ń pè ní Màmá Preston, wá sọ lórí fóònù pé, "Ẹ kó àwọn ọmọ wá lásìkò ìsinmi àárín sáà, iná Blackpool ti tàn," ẹjọ́ parí. Ìyàwó mi ní iṣẹ́ ṣe, ó ní ká kí wọn. Èmi àti àwọn ọmọ méjèèjì wọ rélùwéè ní Euston lánàá.

Láàárọ̀ yìí, láti Preston, a wọ rélùwéè kékeré tó ń lọ sí Blackpool South, a sì sọ̀ ní ibùdókọ̀ tó ń jẹ́ orúkọ ọgbà náà gan-an, Pleasure Beach. Bí a ṣe sọ̀ báyìí, ọgbà rèé.

Kí n sọ òótọ́, ojú mi kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Thorpe Park ní àyè, omi wà láàárín, igi wà, ènìyàn lè rìn kó gbàgbé pé ó wà níbi eré. Ti Blackpool há. Ọ̀nà rólàkósítà kan gba orí òmíràn kọjá, òmíràn tún gba abẹ́ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ wé mọ́ra bí òwú tí ológbò ti fi ṣeré. Èéfín ẹja díndín àti dónọ́ọ̀tì ń lọ tààrà sí imú ẹni tó wà lókè. Atẹ́gùn láti orí òkun kò sì bẹ ẹnikẹ́ni.

Atẹ́gùn yẹn ló ṣe wá lóore, ṣùgbọ́n a kò mọ̀ nígbà náà. Wọ́n ti ti The Big One nítorí rẹ̀. Ọmọkùnrin mi dúró síwájú pátákó ìkìlọ̀ náà, kò lè sọ̀rọ̀. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ń fi í rẹ́rìn-ín. Màmá Preston ní, "Èyí tó wà nílẹ̀ ńkọ́? Ṣé gíga nìkan lẹ wá wò?"

A bá bẹ̀rẹ̀ láti ìdí àwọn rólàkósítà onígi. Ibí ni ojú mi ti là. William George Bean, ọkùnrin kan tó ti gbé Amẹ́ríkà rí, ló dá ọgbà náà sílẹ̀ ní 1896, ìdílé rẹ̀ ló sì ni ín títí dòní. Amanda Thompson tó ń darí rẹ̀ jẹ́ ìran rẹ̀. Bóyá ìyẹn ló fà á tí ó fi dà bíi pé wọn kì í fẹ́ wó ohun tí bàbá kọ́. (Wọ́n ń wó o nígbà mìíràn o. Wild Mouse onígi wọn, tí ó wà níbẹ̀ láti 1958, wọ́n tú u palẹ̀ lẹ́yìn ọdún 2017, inú sì bí àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ títí dòní.) Big Dipper ti ń sáré níbẹ̀ láti 1923. Ará Amẹ́ríkà kan, John Miller, ló ya àwòrán rẹ̀. Miller yìí náà ló ronú kan wíìlì tó wà lábẹ́ rélì, yàtọ̀ sí èyí tó wà lókè, kí ọkọ̀ má bàa fò kúrò lójú ọ̀nà bó bá ré kọjá orí òkè. Láìsí wíìlì yẹn, bóyá ni Hyperia wa ì bá lè gbéra. Mo sọ èyí fún ọmọkùnrin mi lórí ìlà, ó wò mí bí ẹni tí kò fẹ́ gbà.

Àmọ́ Grand National ló mú mi. 1935 ni wọ́n kọ́ ọ, Charles Paige ló ya á, eré ìje ẹṣin tó wà ní Aintree ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ọkọ̀ méjì á jọ gbéra, á jọ gun òkè pẹ̀lú ara wọn, á sì máa bá ara wọn sá eré. Màmá Preston àti ọmọbìnrin mi wọ ọ̀kan, èmi àti ọmọkùnrin mi wọ èkejì. Ní òkè, àwọn ènìyàn ń na ọwọ́ kí ara wọn láti inú ọkọ̀ sí ọkọ̀. Mo gbọ́ ohùn Àǹtí mi ketekete: "Ẹ ò lè bá wa! Ẹ ò lè bá wa!" Obìnrin ẹni ọdún 61, alàgbà nínú ìjọ. Pákó ń ké, egungun mi ń dáhùn. Wọ́n ju wá lọ.

Nígbà tí a dúró, ọmọbìnrin mi ló ṣàkíyèsí i. Apá òsì ni ọkọ̀ wọn ti gbéra, apá ọ̀tún ló ti sọ wọ́n kalẹ̀. Tiwa náà yí padà bẹ́ẹ̀. Wọ́n rò pé ẹnì kan ń ṣe idán. Mo mú rìsíìtì kan nínú àpò, mo yí i lẹ́ẹ̀kan, mo fi orí rẹ̀ mọ́ ìdí, mo ní kí ọmọbìnrin mi fi ìka tọ ojú rẹ̀ lọ láìgbé ọwọ́ sókè. Ìka rẹ̀ dé ẹ̀yìn ìwé náà, ó tún padà síwájú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ Grand National: ohun tó jọ ọ̀nà méjì, ọ̀nà kan ṣoṣo ni, ó yí gbogbo ibẹ̀ ká lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó pàdé ara rẹ̀. Ìdí rèé tí ọkọ̀ kankan kì í fi í padà sí apá tó ti gbéra. Àwọn káfíńtà àti ẹnjinníà ló ṣe é, ní 1935, láìsí kọ̀ǹpútà. Ọmọkùnrin mi dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká tún un gùn." Mo mọ̀ nígbà yẹn pé a ti borí.

Ibi tí a ti ń wá ibi jókòó ni mo ti rí òpó irin gíga kan. Apá irin nà jáde yíká orí rẹ̀, okùn irin sì so ọkọ̀ rọ̀ sí apá kọ̀ọ̀kan. Bí òpó náà bá ń yí, àwọn ọkọ̀ á máa ṣí kúrò lára rẹ̀, wọ́n á máa ga sókè. Mo ka orúkọ rẹ̀, mo tún un kà: Sir Hiram Maxim's Captive Flying Machine. Láti 1904 ló ti wà níbẹ̀. Nínú gbogbo ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọgbà náà, òun ni àgbà.

Màmá Preston ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Ṣé Maxim yẹn náà ni?"

"Òun náà ni, Àǹtí mi."

Ẹni tí a bá bí ní Ìjẹ̀bú-Òde kò nílò kí a ṣàlàyé fún un. Ìyá wa àgbà ló sọ ọ́ fún wa, ó sì máa ń sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. Ọwọ́ Ìjẹ̀bú ni ọ̀nà òwò láàárín Èkó àti òkè wà, wọn kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni kọjá bó ṣe wù ú. Carter, gómìnà òyìnbó ní Èkó, ní kí wọ́n ṣí ọ̀nà. Ní oṣù Karùn-ún 1892, Kọ́nẹ́ẹ̀lì Scott kó àwọn ọmọ ogun gba Ẹ̀pẹ́ wọlé. Àwọn Ìjẹ̀bú pọ̀ jù wọ́n lọ dáadáa, wọ́n sì ní ìbọn tiwọn. Ṣùgbọ́n ìbọn Maxim wà lọ́wọ́ àwọn yẹn, èyí tó ń rọ ọta sílẹ̀ láìdúró, tí ọkùnrin yìí ṣe ní London ní nǹkan bí ọdún 1884. Ní Ìmàgbọ̀n ni wọ́n ti pàdé. Awùjalẹ̀ Túnwàṣẹ ló wà lórí ìtẹ́. Lọ́jọ́ kejì ogun náà, òyìnbó ti wọ Ìjẹ̀bú-Òde.

Maxim fúnra rẹ̀, ọkọ̀ òfuurufú ló wà lọ́kàn rẹ̀ lẹ́yìn ìbọn. Ní 1894, ọdún méjì lẹ́yìn Ìmàgbọ̀n, ó kọ́ ẹ̀rọ ńlá kan ní Kent tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́, ó sì gbé ara rẹ̀ kúrò lórí rélì díẹ̀ kí ó tó bàjẹ́. Owó ìdánwò irú èyí ló ń wá tí ó fi ṣe ohun ìṣeré yìí. Ó fẹ́ kí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìyẹ́ tí àwọn tó jókòó sínú rẹ̀ lè máa fi darí rẹ̀. Àwọn aláṣẹ kọ̀, wọ́n ní ó léwu fún àwọn aráàlú. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo rántí ìyẹn, ẹ̀rín tí kò dùn létí ara mi.

Ọmọbìnrin mi bi wá bóyá ọkùnrin náà mọ Ìjẹ̀bú. Àǹtí mi ní, "Kò mọ̀ wá. Àwa la mọ̀ ọ́n."

Mo rò pé yóò ní ká máa lọ. Ó tún ìbòrí rẹ̀ so, ó ní owó wa ti bá a lọ, ká gùn ún. A gùn ún. Ó rọra ń yí ni, kò ní ipá kankan lára, àwọn ọmọ kéékèèké ń juwọ́ sí ìyá wọn nísàlẹ̀. Láti òkè, mo rí òkun, mo rí Blackpool Tower tí wọ́n ṣí ní 1894. Mo fẹ́ kí inú bí mi, kò bí mi tó bí mo ṣe rò. Ó ṣe mí bákan pé irú nǹkan yìí ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ níhìn-ín, tí wọ́n ń fi epo sí i, tí wọ́n ń kun ún, nígbà tí Ìmàgbọ̀n jẹ́ ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjẹ̀bú kì í yà sí bí wọ́n bá ń kọjá. Èmi gan-an kò dé ibẹ̀ rí.

Etí òkun la ti jẹun, ìrẹsì àti mọ́ínmọ́ín tí Màmá Preston dì. Ẹyẹ òkun kan gbé dòdò lọ lọ́wọ́ ọmọkùnrin mi. Ìyẹn náà wà nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì.

Lọ́sàn-án, atẹ́gùn rọlẹ̀, wọ́n ṣí The Big One. Ẹsẹ̀ bàtà 213. Ṣéènì ń fà wá lọ sókè díẹ̀díẹ̀, òkun wà ní ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ mi lápá kan, mo ti ń bẹ Ọlọ́run. Ní Hyperia, o kò ní àyè láti ronú, ó ti gbé ẹ lọ. Èyí fún ẹ ní àkókò láti kábàámọ̀. Ìsọ̀kalẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn dára, ó yí ara rẹ̀ bó ṣe ń lọ. Ohun tó kù lẹ́yìn rẹ̀, ìgbọ̀nrìrì ni, ọrùn mi ló sì ń san gbèsè rẹ̀ báyìí. Ìdájọ́ mi: Hyperia dára jù ú lọ, kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n kò sí ohunkóhun ní Thorpe Park tí mo lè fi wé Grand National, bẹ́ẹ̀ ni mi ò rò pé wọ́n á kọ́ irú rẹ̀ mọ́.

Lálẹ́, a wọ tíráàmù wo iná Blackpool tí wọ́n fi ṣe etí òkun lọ́ṣọ̀ọ́. Ó tó máìlì mẹ́fà, àwọ̀ lórísìírísìí. Ọmọbìnrin mi sùn kó tó dé ìdajì.

Nígbà tí a délé, ọmọkùnrin mi ní kí n bá òun wò ó bóyá Thorpe Park yóò ṣí lọ́jọ́ Àìkú, pé òun fẹ́ gun Hyperia nígbà tí The Big One ṣì wà lára òun, kí òun lè fi wọ́n wéra dáadáa. Màmá Preston dáhùn láti ilé ìdáná kí n tó la ẹnu: ṣọ́ọ̀ṣì ló ń lọ lọ́jọ́ Àìkú.