Bí Turnpike Troubadours ṣe ń jẹun lójú títì Oklahoma

Ẹ̀yin tó ń gbé Dallas, Houston tàbí Tulsa á ti rí i: ọkọ̀ akérò funfun tó ń gba èèyàn 15, tó ń fa tírélà kékeré, tó páàkì sí ẹ̀yìn ilé ijó nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Olórin ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé Nashville, ìlú ní Tennessee, nìkan ni orin country wà, bẹ́ẹ̀ Oklahoma àti Texas ní ọjà tiwọn, ọjà tí ẹgbẹ́ kan lè ná fún ọ̀pọ̀ ọdún kí Nashville tó gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Ẹ wo ẹgbẹ́ olórin country tó ń jẹ́ Turnpike Troubadours. Tahlequah ní Oklahoma ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 2005, Evan Felker ló ń lé orin, Kyle Nix ń ta gòjé òyìnbó. Indian Nation Turnpike, ọ̀nà tí wọ́n ń sanwó gbà kọjá ní ìhà ibẹ̀, ni orúkọ wọn ti wá. Àwo wọn Bossier City jáde ní 2007, Diamonds & Gasoline ní 2010. Àmọ́ òde ló ń bọ́ irú ẹgbẹ́ báyìí, kì í ṣe àwo.

Àdéhùn tó dára máa ń ní apá méjì: iye tí onílé ijó ṣèlérí, àti ìdá kan nínú owó ẹnu ọ̀nà. Èyí tó bá pọ̀ jù ni olórin á gbà. Ká ní ìlérí jẹ́ $1,000, tí èèyàn 200 sì san $15. $3,000 wọlé nìyẹn. Ẹ yọ $600 fún ìpolówó, ẹ̀ṣọ́ àti ẹni tó ń mójú tó ohùn, ó ku $2,400. Ìdá 80 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ $1,920. Ẹni tó bá wọn wá òde á gba ìdá 10, alábòójútó á gba 15, ó ku $1,440. Bí epo, oúnjẹ àti yàrá hòtẹ́ẹ̀lì méjì bá kó $440, èèyàn mẹ́fà á pín $1,000. Kò tó $170 lórí ẹnì kan!

Nílé, owó tí wọ́n ń ná fún olórin lágbo ì bá dí àlàfo yẹn. Níbí, kò sẹ́ni tó ń lẹ owó mọ́ olórin níwájú. Tábìlì tí wọ́n ti ń ta ẹ̀wù àti fìlà lẹ́yìn gbọ̀ngàn ló ń ṣe é, nítorí náà kí wọ́n tó fọwọ́ síwèé, kí wọ́n béèrè bóyá onílé ijó fẹ́ gba nínú owó ẹ̀wù.

Ìdí tí wọn kì í fi í tètè jìnnà sílé náà nìyí. Tulsa sí Dallas kò ju nǹkan bí máìlì 260 lọ. Wọ́n lè ṣeré láti Ọjọ́bọ̀ dé Sátidé, kí wọ́n sì sùn sílé ní Sunday. Ọjọ́ tí kò bá sóde, ikùn àti hòtẹ́ẹ̀lì kì í sinmi.

Tírélà ló ń pa ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kó. Nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 ẹrù gbọ́dọ̀ wà níwájú táyà rẹ̀. Bí ìlù àti àpótí ohùn bá pọ̀ sẹ́yìn, tírélà á bẹ̀rẹ̀ sí í ju ìdí ní eré máìlì 60, á sì máa fa ọkọ̀ kiri. Ẹ má di ẹrù sórí ọkọ̀ akérò náà, ó máa ń tètè dojú dé. Lálẹ́, ẹ fi ẹ̀yìn tírélà ti ògiri kí olè má ráyè ṣí ilẹ̀kùn.

Ara náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ní 2019 ẹgbẹ́ náà dá òde dúró pátápátá. Felker ti sọ̀rọ̀ ní gbangba nípa ọtí tó ń mu àti bó ṣe fi í sílẹ̀. Wọ́n padà ní 2022, àwo A Cat in the Rain tẹ̀lé e ní 2023, àti ní April 2025 àwọn àti Cross Canadian Ragweed, ẹgbẹ́ Oklahoma mìíràn, ṣeré fún alẹ́ mẹ́rin ní pápá Boone Pickens ní Stillwater.

Etí Yorùbá kò ní jẹ́ àjèjì sí wọn. Pedal steel, gìtá onípẹ́dà tí Hank Early ń ta nínú ẹgbẹ́ náà, irú rẹ̀ ni Demola Adepoju ta lẹ́yìn King Sunny Adé: wọ́n á jókòó tì í, irin lọ́wọ́ òsì, ẹsẹ̀ lórí pẹ́dà. Òun ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbé wọlé, torí bó bá ti inú tírélà tútù bọ́ sórí pèpéle gbígbóná, okùn rẹ̀ á yí ohùn padà. Kí ó jókòó fún bí wákàtí kan kí wọ́n tó tún un ṣe.