Gúdúgúdú ni kí ẹ fi ẹsẹ̀ lé: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nínú eré olórin àdúgbò

Ẹni tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wọ ẹgbẹ́ eré olórin, bóyá ti àdúgbò ni o tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ ohùn ló máa ń dà á láàmú. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀ mọ́. Olóhùn iyọ̀ pọ̀ lọ jàra láàárín wa. Ẹni tó ń gbọ́ ìlù ló ṣọ̀wọ́n.

Tó bá jẹ́ dùndún ni wọ́n gbé wá, ẹ má jẹ́ kí ìyáàlù tàn yín jẹ. Òun ló ń sọ̀rọ̀, òun ló ń kini, òun náà ló ń sọ pé ìran fẹ́ yí, nítorí náà ó máa ń fi ìlù tó ń lọ déédéé sílẹ̀, á sì tún padà wá bá a. Ẹsẹ̀ ẹni tó bá ń jó tẹ̀ lé e á dàrú. Gúdúgúdú, èyí kékeré tí wọ́n ń fi awọ lílọ́ méjì lù, kì í kúrò lójú kan. Òun ni kí ẹ fi ẹsẹ̀ lé, kí ẹ wá fi etí sílẹ̀ fún ìyáàlù. Gbólóhùn tí onílù máa fi pè yín wọlé, ẹ ní kó kọ́kọ́ fi ẹnu sọ ọ́, kó tó wá fi ìlù sọ ọ́ bí ìgbà 4. Bí ẹ ò bá mọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ariwo lásán lẹ máa gbọ́ lálẹ́ ọjọ́ eré.

Ó kan orin. Kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ nílé, kí ẹ tún kùn ún láìla ẹnu. Ẹ wo “Ọkọ mi dé.” Bí orin bá wálẹ̀ lórí “kọ”, ọkọ̀ ló dé yẹn, bó bá gòkè, ọkọ́ tí a fi ń roko ni. Ìyàwó ń sunkún ayọ̀ lórí pèpéle, èrò ń rẹ́rìn-ín! Orin ìsìn tí wọ́n fi ohùn òyìnbó kọ kún fún irú èyí, òun ló fà á tí àwọn bíi olóògbé Ẹkúndayọ̀ Phillips, tó jẹ́ olùdarí orin ní Kàtídírà Marina l’Ékòó nígbà ayé rẹ̀, fi ṣe orin tó bá ohùn ọ̀rọ̀ lọ. Ẹ tètè sọ fún olùdarí ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kó yí ohùn kan péré padà tàbí kó pààrọ̀ ọ̀rọ̀. Tó bá fi di ọ̀sẹ̀ kẹta, àṣìṣe ti mọ́ yín lẹ́nu.

Ìdánrawò ọ̀sẹ̀ 8, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, wákàtí méjì-méjì, tó fún eré wákàtí kan ààbọ̀. Ìjókòó ni kí ẹ fi ọ̀sẹ̀ 3 àkọ́kọ́ kọrin. Ẹni tó bá pa orin pọ̀ mọ́ ijó láti ìbẹ̀rẹ̀ kì í mọ ibi tó ti ń mí. Ẹ fi pẹ́ńsùlù sàmì sí ibẹ̀ nínú ìwé, kí ègbè má sì mí níbì kan náà, torí orin á já.

Aṣọ nìyí, èyí táwọn èèyàn kì í kà sí. Gèlè tó bo etí méjèèjì ń sọ akọrin di adití: á máa pariwo, á sì máa ya kúrò lójú ohùn. Abetí ajá náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí etí tó kọjú sí onílù wà níta. Apá agbádá sì máa ń gbá máìkì lulẹ̀. Ó kéré tán, ẹ wọ aṣọ eré ṣe ìdánrawò lẹ́ẹ̀mejì.

Bí òjò bá rọ̀ lọ́jọ́ náà, awọ ìlù á rọ̀, ohùn rẹ̀ á wálẹ̀. Kí onílù tètè dé láti yá a níná. Ohùn tí ìlù bá wà ni kí ẹ bá a, ẹ má fa tàná.

Iná á lọ, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ di àwítúnwí. Ìlù ò lo iná, kí gúdúgúdú máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, kí ègbè máa gbè é títí jẹnẹrétọ̀ á fi dìde. Kí àwọn tó wà níwájú rọra fi ìgbésẹ̀ kan bọ́ sẹ́yìn, nítorí etí pèpéle ni wọ́n ti ń jábọ́.