Ẹ Pa EmulationStation Kí Ẹ Tó Fọwọ́ Kan gamelist.xml

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo RetroPie (àkójọ ètò fún gbígbá géèmù àtijọ́) lórí kọ̀ǹpútà kékeré Raspberry Pi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa EmulationStation, ètò tó ń fi àkójọ géèmù hàn lójú tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ tó tún gamelist.xml ṣe, ìyẹn fáìlì tó ń tọ́jú orúkọ, àwòrán àti àlàyé géèmù. Ọ̀sẹ̀ yìí ló ṣẹlẹ̀ sí mi, ó ṣì ń dùn mí.

Alẹ́ mẹ́ta ni mo fi tún àkójọ Super Nintendo mi ṣe. Mo gba SSH (ọ̀nà láti fi kọ̀ǹpútà kan darí òmíràn) wọlé sínú Pi láti orí laptop, mo ṣí gamelist.xml tó wà nínú RetroPie/roms/snes, mo sì ń tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan: <image> fún àwòrán páálí, <marquee> fún lógò, <video> fún fídíò kékeré, àti <desc> tí mo fi Yorùbá kọ kí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lè rí i kà. Géèmù 52. Ní gbogbo àsìkò yẹn, Pi wà ní títàn nídìí tẹlifíṣọ̀n, àwọn ọmọ ń gbá géèmù wọn lọ. Nígbà tí mo parí, mo tẹ F4, EmulationStation kú, mo tún un tàn. Àwọn 15 tí wọn ò fọwọ́ kàn wà bí mo ṣe tò wọ́n. Àwọn 37 tí wọ́n gbá, àwọn yẹn gan-an ni mo torí wọn ń ṣiṣẹ́, òfìfo ni mo bá níbẹ̀. Orúkọ fáìlì lásán. Àwòrán ṣì wà nínú fódà, ṣùgbọ́n ìlà tó ń tọ́ka sí wọn ti lọ, gbogbo Yorùbá tí mo kọ náà ti lọ. Mo ṣí fáìlì yẹn lẹ́ẹ̀mẹrin, bóyá ojú mi ló ń tàn mí.

Ohun tó fà á rèé. Bí EmulationStation bá ti ń tàn ló ti ń ka gamelist.xml, ó sì ń gbé e sínú mẹ́mọ́rì. Bí wọ́n bá gbá géèmù kan, á kọ ọ́ sí playcount (iye ìgbà tí wọ́n gbá a) àti lastplayed (ìgbà tí wọ́n gbá a kẹ́yìn). Tí ẹ bá wá pa á, á kọ gbogbo ohun tó ní nípa géèmù náà lé orí èyí tí ẹ kọ. Mo mọ̀ pé ìkìlọ̀ wà nípa èyí, mo kà á. Skréépà, ètò tó ń wa àwòrán àti àlàyé géèmù fúnra rẹ̀, nìkan ni mo rò pé ó ń bá wí.

Nítorí náà: ẹ tẹ F4 lórí kíbọ́ọ̀dù Pi, ẹ dé ojú dúdú tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ, lẹ́yìn náà, nínú fódà tí fáìlì náà wà, ẹ tẹ cp gamelist.xml gamelist.xml.bak kí ẹ lè ní ẹ̀dà rẹ̀ nípamọ́. Ẹ ṣe àtúnṣe yín, kí ẹ wá tẹ emulationstation. Bákan náà ni tí ẹ bá ń lo Skyscraper, skréépà kan. Tí ẹ ò bá lè pa á, ẹ lọ sí OTHER SETTINGS, ẹ fi SAVE METADATA sí NEVER, àmọ́ kò ní rántí iye ìgbà tí ẹ gbá géèmù mọ́.

Ẹ ṣọ́ àmì & pẹ̀lú. Pocky & Rocky gbọ́dọ̀ di Pocky &amp; Rocky nínú gamelist.xml. Ẹ̀ẹ̀kan péré tí ẹ bá gbàgbé, fáìlì náà ò bá òfin XML mu mọ́. Ní ti RetroArch, ètò tó ń mú kí géèmù ṣiṣẹ́, _ ló ń rọ́pò rẹ̀ nínú orúkọ àwòrán: Pocky _ Rocky (USA).png, nínú fódà Named_Boxarts.

Kí àwòrán má fẹ̀ ju píksẹ́ẹ̀lì 400 lọ. Tó bá tóbi jù, mẹ́mọ́rì àwòrán á kún, àpótí funfun lẹ ó máa rí. Ẹ sì mú agbègbè kan ṣoṣo: páálí Amẹ́ríkà dùbúlẹ̀, ti Jàpáànù dúró lóòró, tí ẹ bá pò wọ́n pọ̀ ojú àkójọ yín á wọ́.

Mo ti tún 11 kọ nínú 37. Lálẹ́ yìí, F4 ni mo máa kọ́kọ́ tẹ̀, kódà bí àwọn ọmọ bá ń sunkún.