Orúnkún Tó Bó

Ọjọ́rú.

Ohun tó wù mí jù nínú ẹ̀kọ́ nípa ara èèyàn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ni bí gbogbo rẹ̀ ṣe wà létòlétò. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó jọra, tí ojú lásán kò lè rí, á kóra jọ di ẹran ara oríṣiríṣi. Ẹran ara á para pọ̀ di ọkàn, ẹ̀dọ̀, kíndìnrín. Àwọn yẹn náà á wá pín sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́, àwọn tó ń da oúnjẹ, àwọn tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ kiri, àwọn tó ń mí. Mo ti há a sórí. Ìrọ̀lẹ́ òní ló tó wọ̀ mí lára.

Àbúrò mi, ọmọ ọdún 5, ṣubú sórí kọnkéré níwájú ilé. Mo gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé itan, mo fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀. Etí egbò náà funfun, kò ṣẹ̀jẹ̀ rárá. Àárín nìkan ni ẹ̀jẹ̀ ti ń yọ ní kínkín. Awọ òkè pátápátá kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ nínú. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti yọ, a ti kan awọ kejì nìyẹn. Kò pẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í dì.

Àwọn ègé wẹ́wẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ tó ń sáré wá dí ojú egbò, inú mùdùnmúdùn eegun ni wọ́n ti wá. Eegun tí a rò pé ó kàn dúró bí òpó ilé! Ibẹ̀ náà ni ẹ̀jẹ̀ pupa ti ń wá, torí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa kì í lò ju nǹkan bí 120 ọjọ́ lọ. Nínú ìwé wa, orí kan ni ti awọ, orí mìíràn ni ti eegun. Lójú tèmi, ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fi egbò kan hàn wá.

"Àǹtí, ṣé eegun mi ti ṣẹ́?"

Mo ní kó na ẹsẹ̀, kó ká a. Ó ká a geere. Mo sọ fún un pé ọmọ tuntun máa ń ní eegun tó tó 300, pé díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń so mọ́ra títí wọ́n á fi ku 206 lára àgbàlagbà, nítorí náà tirẹ̀ ṣì pọ̀ ju tèmi lọ. Ẹkún dá. Ó ní ká kà á. Ọwọ́ mi la fi bẹ̀rẹ̀, 27 ló wà nínú ẹyọ kan; a ṣì ń wá mẹ́jọ tó wà lọ́rùn ọwọ́ nígbà tí Màmá pè wá wá jẹun.